Ìwọ Ni Mo Kọ Síbi Tí Wọ́n Ti Béèrè Ọmọ

Ilé, Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìwọ tí o kọ́kọ́ sọ mí di bàbá,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá, mo kí ọ kú àìsùn, mo sì kí ọ kú ìbínú ọjọ́ Túsìdeè. Ọlọ́run tó jí gbogbo wa láàyè láàárọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, kò ní jẹ́ kí orí máa fọ́ ọ, ojú rere ni àwọn ọ̀gá rẹ yóò máa fi wò ọ́, àmín. Ara wa le níbí. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá, o sì mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Káfíńtà ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe, ó ku ojú kan tó ń jò, ó ní èyí kì í ṣe jíjò, pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé òjò wọlé, mo sì ní kó padà wá lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀ kó wá bá afẹ́fẹ́ yẹn sọ̀rọ̀ lójú mi. Ọmọ rẹ wà dáadáa, ó ń jẹun, bàtà tó wọ̀ wá ti ń fún un lẹ́sẹ̀, ó sì ti kọ́ ìyá rẹ ní eré káàdì kan tí ìyá rẹ ti ń fi rẹ́ ẹ jẹ báyìí.

Ìdí tí mo fi mú bírò ni pé nígbà tí o pè lọ́jọ́ Túsìdeè, ohùn rẹ ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ fi sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà. O ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gé e síbẹ̀. Ìyá rẹ ní kí ni mo fi dè ọ́. Mo ní mi ò fi nǹkan kan dè ọ́, iṣẹ́ tí o rán mi ni mo jẹ́. Màá wá ròyìn rẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe máa ń ròyìn fún máníjà nígbà tí mo wà lẹ́nu gèètì ilé-iṣẹ́ aṣọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí abẹ́rẹ́ kan ò gba iwájú mi kọjá kí n má kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò sì tíì fi àṣà yẹn sílẹ̀. Rẹ́jísítà wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà wa títí dòní, ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, ẹni tó pè lórí fóònù àti iye ìṣẹ́jú tó lò, gbogbo wọn ni mò ń kọ.

Nígbà tí o fi ọmọ ránṣẹ́ sí wa fún họ́lídè gígùn, kọ̀ǹpútà wà nínú àpò rẹ̀, ìwé kékeré kan sì wà lórí kọ̀ǹpútà. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n tó jẹ́ kí ọmọ máa lo ẹ̀rọ yìí, kí n bá ọ fi ìṣọ́ òbí sí i, ìyẹn ohun tó máa ń ti ẹ̀rọ pa tí àsìkò bá tó, tí kì í jẹ́ kí ọmọ wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. O ní ọmọ náà ti ń jókòó tì í jù, pé ojú rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. O kọ íméèlì rẹ àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí o fi ń wọ ẹ̀rọ tìrẹ, o ní kí n lo ìyẹn. O ní ìwọ ì bá ti ṣe é fúnra rẹ, pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ́n fẹ́ fi ẹnì kan ṣe ọ̀gá ẹ̀ka yín, bí o bá sì fi oṣù mẹ́ta yìí ṣiṣẹ́ dáadáa, ìwọ ni. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, inú mi dùn. Ta ló tún yẹ kí wọ́n fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rán bí kò ṣe èmi? Mo lọ yọ fìlà iṣẹ́ mi àtijọ́ jáde látinú àpótí, mo gbọn eruku rẹ̀ dànù, mo dé e.

Ojú mi kò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, nítorí náà ọmọ rẹ ló ń ka ìbéèrè, èmi ń dáhùn, òun ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ní kí n ṣe ni kí n fi hàn pé èèyàn ni mí, pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Inú bí ìyá rẹ, ó ní ṣé ẹ̀rọ lòun fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá ni. Èmi ò bínú o, torí aṣọ́gèètì tó mọṣẹ́ kì í wo ojú, ẹni tó bá dé ló ń bi pé ta nìyẹn. Ó gbé àwòrán mẹ́sàn-án síwájú wa, ó ní kí a mú gbogbo èyí tí àtẹ̀gùn bá wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní àkàbà tó wà lápá òsì náà àtẹ̀gùn ni, pé ohun tó bá ti ń gbé èèyàn gòkè, àtẹ̀gùn ni. Mo ní èèyàn lè gbé àkàbà lọ síbi tó bá wù ú, kò sẹ́ni tó ń gbé àtẹ̀gùn. A fà á títí, ẹ̀rọ náà kọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà tí a fi àkàbà sílẹ̀ ló tó gbà pé èèyàn ni mí. Ìyá rẹ ò tíì gbà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé àdéhùn jáde, wọ́n ní bí mo bá ti kà á tán kí n fọwọ́ sí i. Ọmọ rẹ ní kò sẹ́ni tó ń kà á, pé ìsàlẹ̀ ni gbogbo ayé ń tẹ̀. Mo ní gbogbo ayé wọ̀nyẹn ò ṣiṣẹ́ gèètì rí. Mi ò fọwọ́ sí ohun tí mi ò kà láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ni, à ń ka ọ̀kan lójúmọ́, tí a bá sì kà á tán mo máa ń jẹ́ kó fi ẹ̀rọ náà ṣeré díẹ̀, torí ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó jèrè. Eré kan ṣoṣo ló máa ń ṣe. Á ṣí ojú kan tí orúkọ rẹ wà níbẹ̀, àmì róbótó kan aláwọ̀ ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wò ó. Kò sí ẹni tó ń sá, kò sí ẹni tó ń lé e, kò sí ẹni tó jẹ. Mo sọ fún un pé eré yìí kò dùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kò dùn, ó sì ń wò ó lọ. Ní ojú ìwé kọkànlá àdéhùn náà, wọ́n kọ ọ́ pé ìṣọ́ yìí kò lè ṣe iṣẹ́ òbí, pé kí òbí máa wá àyè jókòó ti ọmọ rẹ̀ kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀. Mo ní kó tún ibẹ̀ kà, ó tún un kà. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà mi.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, tó jẹ́ Mọ́ńdè, la dé ibi orúkọ. Wọ́n ní ta ni òbí. Mo ní èmi ni, ó kọ ọ́. Wọ́n ní ta ni ọmọ. Ọmọ rẹ gbójú sókè, ó wò mí, ó ní Bàbá àgbà, ta ni kí òun kọ. Mo ní irú ìbéèrè wo nìyí, ta ni mo bí? Íméèlì tìrẹ ló wà nínú ìwé, ìwọ lo ní kí n lò ó, ìwọ sì ni mo bí. Ọmọ-ọmọ ni tirẹ̀, mo sì ní kó wá àyè ọmọ-ọmọ nínú fọ́ọ̀mù náà dáadáa, kò sí. Ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé nǹkan ló há a lọ́fun, mo ní kí ìyá rẹ bu omi fún un. Ó mu omi tán, ó tún béèrè pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ọmọdé yìí, kọ orúkọ ìyá rẹ kí a lọ jẹun.

Ọjọ́ orí ló fẹ́ dá wa dúró. A kọ ọdún mẹ́tàdínlógójì tí o jẹ́, ẹ̀rọ ní rárá, pé ẹni tó bá ti tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ mọ́. Ó ká mi lára díẹ̀ pé ẹ̀rọ tí kò bímọ rí ló fẹ́ kọ́ mi ní ọjọ́ tí ọmọ ń ṣíwọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ purọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Mo wá pe ìyá rẹ, mo ní ọdún mélòó lo jẹ́ nígbà tí a sọ fún ọ gbẹ̀yìn pé kí o lọ sùn tí o sì lọ láìjiyàn. Ìyá rẹ ronú títí, ó ní ọdún mọ́kànlá. Ìyẹn la kọ, òótọ́ sì ni. Ọmọ rẹ ní ọdún mọ́kànlá náà lòun, pé òun àti màmá òun ti di ẹgbẹ́.

Nígbà tí wọ́n béèrè aago tí ẹ̀rọ ọmọ yóò máa tì, mo ní kí ọmọ rẹ mú un, torí òun ló ń bá ọ gbé, òun ló mọ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní aago méje alẹ́. Ó ní ní ọjọ́ Ìsinmi, kó má ṣí rárá. Mo ní ṣé méje ò yá jù, ó ní méje dáa. Wọ́n ní kí òbí yan ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n á fi máa ṣí i bó bá di dandan, ọmọ rẹ fi apá bò ó bí ẹni tó ń ṣèdánwò, ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ wa, tí akápò bá ń ṣí àpótí owó, aṣọ́gèètì á kọjú síta.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ gèètì inú ẹ̀rọ yẹn ti ń kọ̀wé sí mi lórí fóònù mi, ọmọ rẹ ló ń kà á fún mi. Ọmọlúàbí ni. Á ní ọmọ yín ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi wákàtí kan kún un, ṣé kí a gbà ni àbí kí a kọ̀. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjì, o bẹ̀bẹ̀, mo kọ̀. Méje kọjá mẹ́ta, o bẹ̀bẹ̀, mo kọ̀. Méje kọjá mẹ́rin, o fẹ́ wọ báńkì, ó ní báńkì kì í ṣe ibi tí ọmọ ọdún mọ́kànlá ń lọ, èmi náà ní kì í ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá lo bẹ̀bẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà. Mo rò pé o ń dán mi wò ni. Máníjà wa àtijọ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, á bọ́ kóòtù, á fa fìlà bojú, á ní òun gbàgbé káàdì òun sílé, ọjọ́ tí mo sì dá a padà nínú òjò ló fi rédíò ta mí lọ́rẹ. Mo ní ọmọ mi ti ń kọ́ ìṣe ọ̀gá, ó ń wò ó bóyá bàbá òun ṣì lágbára. Mo kọ̀wé padà sí ọkùnrin náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì béèrè ìgbà tí ẹlòmíràn máa ń wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí àárọ̀ ló ń kọ̀wé, alẹ́ ló ń kọ̀wé. Ó dáhùn pé kí n má ṣe fèsì sí àdírẹ́sì yìí. Mi ò bínú sí i. Ẹni tó wà lẹ́nu gèètì kò gbọ́dọ̀ máa tàkúrọ̀sọ.

Mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọ́ńdè tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kan gééré lẹ́yìn tí a tì í, ìyá rẹ lo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún kó tó gbé fóònù fún mi. O ní o dúró níwájú àwọn ọ̀gá, o ń fi ẹ̀rọ gbé iṣẹ́ rẹ hàn wọ́n lára ògiri, bí aago méje ṣe lù báyìí ni ògiri ṣókùnkùn, lẹ́tà gàdàgbà sì jáde pé àsìkò ìsinmi ti tó, béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ. O ní ọ̀gá pátápátá kà á sókè ketekete. O ní àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ọ́fíìsì yín fà á títí ó fi sú wọn, wọ́n ní òbí nìkan ló lè ṣí i. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú, òótọ́ ṣì wà láyé. O ní ọ̀gá náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí gbogbo èèyàn máa lọ sílé, pé kí o wá parí rẹ̀ láàárọ̀, o sì parí rẹ̀ láàárọ̀. O ní ojú tì ọ́. Ọmọ mi, mo wá ibi tí ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí i. Gbogbo ọ́fíìsì ti wá mọ̀ báyìí pé o ní bàbá.

Ṣùgbọ́n torí bí ohùn rẹ ṣe rí, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ìkejì ilé wa, lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní orúkọ ọmọ-ọmọ mi ló yẹ kó wà níbi tí mo kọ tìrẹ sí, pé tìrẹ ló yẹ kó wà níbi tí mo kọ tèmi sí. Ó ní ẹ̀rọ ọmọ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìyá ọmọ ni mo tì síta. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá wá jẹ́ ẹnì kan náà ńkọ́, mi ò tíì gbọ́ òwe ìyẹn. Èmi kì í fi àṣìṣe pamọ́. Mo kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pẹ̀lú déètì, mo buwọ́ lù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di ìsinsìnyí mi ò rí ibi tí mo ti purọ́ fún wọn. Tíṣà ní kò le, pé kí n sọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣí i, òun á tú u kí a tó mu omi tán. Mo pe ọmọ rẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fa ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, bí ẹ bá ṣí i, màmá mi ò ní pè mí mọ́."

Ọmọ mi, mo padà sílé, mo ṣí rẹ́jísítà. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí ọmọ fi wà lọ́dọ̀ wa kí a tó ti gèètì, ẹ̀ẹ̀mejì lo pè é, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú méjì, o béèrè bóyá ó ti jẹun. Láti ọjọ́ tí a ti tì í, kò sí alẹ́ kan tí o kò pè. Alẹ́ àkọ́kọ́, o pè pé kó bá ọ ṣí i, ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Alẹ́ kejì, ó ní òun á wò ó, ó wá ń sọ fún ọ nípa adìyẹ tó yé ẹyin sínú fìlà mi, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Alẹ́ karùn-ún, ẹ ò mẹ́nu kan ẹ̀rọ rárá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sùn lọ pẹ̀lú fóònù létí. Ìyá rẹ ló lọ yọ ọ́, ó ní o ṣì wà níbẹ̀, o kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Mo wá bi ọmọ rẹ léèrè nípa àmì aláwọ̀ ewé yẹn. Ó ní màmá òun nìyẹn. Ó ní bó bá ń tàn, á jẹ́ pé o ti jókòó síwájú ẹ̀rọ tìrẹ, òun náà á sì jókòó síwájú tòun kí ẹ lè jọ wà pa pọ̀. Ìdí tí ojú rẹ̀ kì í fi í kúrò níbẹ̀ nìyẹn, ohun tí o ní kí n wá tì nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi, mi ò fi pamọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí o ti ń pè é, kò ṣí ẹ̀rọ náà ṣeré mọ́. Ìyá rẹ ti fi aṣọ bò ó, orí rẹ̀ ni wọ́n ń to káàdì sí.

Nítorí náà, mi ò ní bi ọmọ rẹ ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣí i, tíṣà ò sì ní tú nǹkan kan. Gèètì lo fi lé mi lọ́wọ́, o ò fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ipò ọ̀gá yẹn, tìrẹ ni, ó dá mi lójú. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méje alẹ́, wákàtí mọ́kànlá ni, wákàtí mẹ́jọ la sì fi ń hun aṣọ tí gbogbo ìlú ń wọ̀ nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó rìn ní ìhòòhò. Bí wọ́n bá sì fi ẹlòmíràn ṣe ọ̀gá, wọn ò lè fi ẹlòmíràn ṣe ìyá ọmọ yìí. Tí họ́lídè bá parí, má ṣe rán dírẹ́bà wá mú un. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá, kí o fi ẹnu ara rẹ bi í, èmi á ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ de wíwọlé rẹ.

Bí o bá ń bọ̀, bá mi ra rẹ́jísítà tuntun, èyí tó nípọn, torí ẹ̀bẹ̀ rẹ ti gba èyí tó wà nílẹ̀ tán. Fi ìpara orúnkún kún un fún ìyá rẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, tètè fi owó dátà ránṣẹ́, torí dátà wa ti fẹ́ tán, bó bá sì tán, ẹ̀bẹ̀ rẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò sì ní lè kọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ̀ ọ́.

Ilẹ̀kùn tó bá máa ṣí fún ọ, Ọlọ́run á ṣí i gbayawu. Èyí tó bá máa tì, á tì ọ́ mọ́lé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ, kò ní tì ọ́ síta. Oorun ò ní jìnnà sí ojú rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní gba ọmọ mọ́ ọ lọ́wọ́, bí a ṣe rí ọ bí ni ìwọ náà á rí ọmọ rẹ tọ́ dàgbà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, aṣọ́gèètì.

Mo ti fẹ́ lẹ ẹnu àpò lẹ́tà yìí pa nígbà tí ọmọ rẹ wọlé, ó ní kí n fi èyí kún un. Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí i kò le. Ó ní orúkọ tí o máa ń pe òun ni nígbà tí òun kéré, tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí o gbé òun sókè lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bí o bá rántí rẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́, á ṣí, o ò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní bó bá sì ti ṣí, kí o jọ̀ọ́, kí o ṣì máa pe òun ní aago méje.